Àgbà tí ó wà ní ọjà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ jáde tí kò gbọ́ òwe tí àwọn baba wa máa ń pa pé àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi gan-an fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn fún ọdún 11. Bí mo bá ti kọ ọ́ sí ara pátákó, n ó bi wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀, wọn a sì dáhùn ní ohùn kan pé iṣẹ́ àgbà ni láti tún ohun tí ó wọ́ ṣe. Máàkì kíkún ni mo máa ń fún wọn. Lónìí, bí a bá tún kó ìwé ìdánwò wọ̀nyẹn fún mi pé kí n yẹ̀ wọ́n wò, n kò ní fún ẹnikẹ́ni ju ìdajì lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ náà. Èmi olùkọ́ wọn ni n kò tíì mọ ìdáhùn. Ìlú Ọba ni mo ti kọ́ ọ, nínú ìgbìmọ̀ kan tí a kì í san kọ́bọ̀ fún, ọmọ ọdún 14 kan ni ó sì kọ́ mi.

Ní ọdún 2009 ni mo tẹ̀lé ìyàwó mi, ẹni tí í ṣe nọ́ọ̀sì, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àdúgbò Peckham, ní apá gúúsù odò Thames, ni a fi orí lé. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí kò lè mọ bí àwọn ènìyàn wa ti pọ̀ tó níbẹ̀. Ní òpópó tí wọ́n ń pè ní Rye Lane, ènìyàn yóò rí iṣu, èlùbọ́, ẹ̀wà olóyin àti panla rà; yóò sì gbọ́ tí àwọn ìyá ń ná ọjà ní èdè Yorùbá bí ẹni pé Ọjà Ọba ní Ìbàdàn ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n bí ọjà ti jọ ti ilé tó, ọmọ títọ́ níbẹ̀ kò jọ ti ilé. Ní ilé, bí ìyá bá jáde, ìyá àgbà ń bẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀; bí ìyá àgbà bá sùn lọ, aládùúgbò ń bẹ ní ojúde. Ní Peckham, mo mọ ìyá tí ó ń jáde ní agogo 4 òwúrọ̀ láti lọ gbá ọ́fíìsì, mo mọ baba tí ó ń ti ẹnu iṣẹ́ òru dé nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, tí yóò sì bá ilé ní òfìfo.

Nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń ṣe ètò ìtọ́sọ́nà akẹ́kọ̀ọ́. Ètò náà kò le láti ṣàlàyé: àgbàlagbà kan yóò mú ọmọ kan tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò máa bá a jókòó ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, yóò ràn án lọ́wọ́ lórí ìwé rẹ̀, yóò sì máa gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1904, ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, akọ̀wé ilé-ẹjọ́ àwọn ọmọdé kan tí ń jẹ́ Ernest Coulter ṣàkíyèsí bí àwọn ọmọ tí kò ní alátìlẹ́yìn ti ń wá sí iwájú adájọ́ lemọ́lemọ́. Ó bẹ àwọn ọkùnrin ìlú náà pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mú ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rẹ́. Láti inú ẹ̀bẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ ńlá tí a mọ̀ sí Big Brothers Big Sisters ti ṣẹ̀.

Àwa Yorùbá pàápàá ní baba nínú irú iṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1922 ni Ládipọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé ìlú náà láti kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ó rí i bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ti ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, tí àwọn onílé sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn nítorí àwọ̀ wọn. Ní 1925, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. Láti 1929 títí di 1932 ni ó fi ń lọ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti tọrọ owó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé. Ní 1933 ni ilé náà ṣí ní Camden, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ìyá fún àwọn tí ó wọ̀ síbẹ̀. N óò tún padà sọ́dọ̀ Ṣólàńkẹ́ kí n tó kádìí ọ̀rọ̀ mi.

Ní ọdún 2014 ni ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé ètò ìtọ́sọ́nà kan ní apá ọ̀dọ̀ wa ń wá ọmọ ìgbìmọ̀ alábòójútó, pé wọ́n sì ń fẹ́ ẹni tí ó gbọ́ èdè àwọn òbí. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Àwa 7 ni a wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Alága wa jẹ́ ìyá kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Jàmáíkà wá, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Akápò wa jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí í ṣe aṣírò-owó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Nígbà tí ó di ọdún kejì, èmi ni wọ́n yàn ní akọ̀wé. A kò ní gbọ̀ngàn ìpàdé. Inú kíláàsì ni a ti ń pàdé ní alẹ́, lórí àga àwọn ọmọdé, tí eékún wa yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa irú ìgbìmọ̀ yìí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ aláàánú tí ó bá fi orúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọn alábòójútó. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà gba owó iṣẹ́. Owó ọkọ̀ àti irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ nìkan ni a lè dá padà fún wọn. Síbẹ̀, ọrùn wọn ni ẹrù wà. Àwọn ni yóò rí i pé owó tí a fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ bá ohun tí a torí rẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ. Àwọn ni yóò jíhìn fún Àjọ tí ń bójútó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Bí ewu bá wu ọmọ kan, ọ̀dọ̀ wọn ni ìbéèrè yóò kọ́kọ́ dé. Ẹnikẹ́ni kò sì lè dá jókòó ti ọmọ nínú ètò wa bí kò bá tíì gba ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní DBS, èyí tí ń fi hàn bóyá ó ti dá ọ̀ràn rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwé yìí kò dùn mọ́ mi nínú. Mo ní, ṣé èmi tí mo ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ẹnì kan yóò máa bi bóyá mo jẹ́ ọ̀daràn? Nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọmọ ní tòótọ́ kò ní bínú sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ.

Ohun tí ó sú mi ni pé a kì í rí ọmọ sójú. Ìwé ni à ń rí. Akápò yóò ka ìṣirò owó, a ó jíròrò lórí owó ìbánigbófò, a ó ka òfin tí a ti kà ní ọdún tí ó kọjá, a ó sì lọ sílé nínú òtútù. Àwọn ọmọ 40 ni ó wà nínú ètò náà, àwọn òṣìṣẹ́ méjì péré ni a sì ń san owó fún. Ní gbogbo ìgbà ni mo ń rò pé iṣẹ́ yìí kéré. Bí mo bá ń kọjá ní Rye Lane ní ìrọ̀lẹ́, tí mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n dúró gátagàta níwájú ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín, n ó máa wí nínú ara mi pé, ‘40 kí ni? 40 kí ni?’

Nígbà tí ó di ìgbà ẹ̀rùn Òyìnbó ní 2016, àjọ kan tí ń fi owó ran àwọn ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kọ̀wé sí wa. Wọ́n ní àwọn yóò fún wa ní owó fún ọdún méjì, bí a bá lè sọ 40 di 80 láti oṣù Ọ̀wẹwẹ ọdún náà. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Alága wa kò yọ̀. Ó wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, ‘Mo mọ̀ pé a óò rí ẹni 40 tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wẹwẹ. Ta ni yóò wà pẹ̀lú àwọn ọmọ náà ní oṣù Èrèlé?’

Èmi ni mo dáhùn. Mo dìde lórí àga kékeré náà, mo pa òwe àgbà àti ọmọ tuntun fún wọn, mo sì tú u sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní ní ilẹ̀ wa, àgbà kì í ṣírò kí ó tó tún orí ọmọ ṣe. Òwe náà wọ̀ wọ́n lára, pàápàá àwọn tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo dá àbá pé kí a gba owó náà, ẹnì kan kín in lẹ́yìn, a dìbò, ó di 5 sí 2. Alága àti akápò ni méjì. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, ọwọ́ mi sì yá bí mo ti ń kọ ọ́.

A wá àwọn olùtọ́sọ́nà ní wàràwàrà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní òdìkejì odò Thames, ọlọ́yàyà ènìyàn, tí ọkàn wọn mọ́. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ, gbogbo àga kún. Ṣùgbọ́n ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó bá ti di oṣù Bélú, agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú, òtútù a sì máa gún ni bí abẹ́rẹ́. Ọ̀gá ẹnì kan ní kí ó máa pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹlòmíràn rí iṣẹ́ tuntun ní ìlú mìíràn. Ẹlòmíràn kàn rí i pé ọ̀nà jìn. Kò sí ẹni burúkú nínú wọn. Nígbà tí ó fi di Kérésìmesì, 17 nínú àwọn 40 tuntun náà ti lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èyí tí ó burú jù ni pé nínú ìròyìn tí èmi akọ̀wé kọ ránṣẹ́ sí àwọn olówó, 80 ni ó wà níbẹ̀, irọ́ kọ́ sì ni, nítorí pé orúkọ 80 ọmọ ni ó wà nínú ìwé wa.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ní òpin oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017, mo lọ dá ìwé padà ní ilé ìkàwé Peckham. Ilé náà kì í ṣe ilé tí ojú ń gbàgbé: apá òkè rẹ̀ yọ síwájú lórí àwọn òpó tín-ín-rín tí wọ́n wọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ jó, ọdún 2000 ni ó ṣí, ọdún náà gan-an ni ó sì gba ẹ̀bùn Stirling tí wọ́n ń fún ilé tí a yà jù. Bí mo ti dé òkè, mo rí ọmọkùnrin kan tí ó jókòó sí ìdí tábìlì. Kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ìwé ìṣirò wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, ó sì fa àga kejì súnmọ́ ara rẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó jókòó sí i. Mo mọ ojú rẹ̀ díẹ̀; ọmọ Yorùbá ni, mo ti rí òun àti ìyá rẹ̀ ní ọjà. Ó kí mi, ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń fèsì.

Mo bi í pé ta ni ó ń dúró dè. Ó ní olùtọ́sọ́nà òun ni. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn. Ó ní ó ti di ìgbà tí Kérésìmesì kò tíì dé.

‘Ṣé ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun fún ọ?’

‘Rárá, sà.’

‘Kí ló wá dé tí o ṣì ń wá ní Ọjọ́bọ̀ gbogbo?’

Ó wo ìwé rẹ̀. Ó ní, ‘Bí ó bá wá ńkọ́, tí kò bá mi?’

Ọ̀rọ̀ náà gún mi ní àyà. Kí n tó rí nǹkan wí, ó gbé ojú sókè, ó sì fi Yorùbá díẹ̀ tí ó ní sọ ọ́, ó ní, ‘Áńkù, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n rán wá dípò rẹ̀?’

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ bọ́ kóòtù mi kí n jókòó sí orí àga kejì yẹn. Olùkọ́ ni mí, ìṣirò tí ó wà níwájú rẹ̀ kò sì ju agbára mi lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọwọ́ sí òfin ètò náà: ọmọ ìgbìmọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ kàn mú ọmọ fún ara rẹ̀ láìjẹ́ pé a fi í síbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ mi kì í jẹ́ kí n ráyè ní Ọjọ́bọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù kan. Bí mo bá jókòó lọ́jọ́ náà, èmi náà yóò di ẹni tí ó wá tí ó sì lọ. Mo ní, ‘N óò bá ọ wádìí.’ Ó ní kò burú, ó pa ìwé dé, ó sì dìde. Irú ‘kò burú’ tí ọmọ máa ń sọ fún àgbà tí kò gbà gbọ́ ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá obìnrin tí ó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ wa. Kò yà á lẹ́nu. Ó ṣí ìròyìn tí ó fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan ní ojú ìwé 9: àwọn olùtọ́sọ́nà ń lọ, àwa méjì kò sì lè wá arọ́pò bí ó ti yẹ. Mo rántí. Èmi akọ̀wé ni mo tò ó sí abẹ́ ‘Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn’ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ sì ti ṣú kí a tó dé ibẹ̀.

Èmi àti rẹ̀ jọ lọ kí ìyá ọmọ náà láti tọrọ àforíjì. Bí ìyá náà ti rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí mi, kí a tó sì la ẹnu ni òun ti ń bẹ̀ wá. Ó ní, ‘Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí ni ọmọ mi ṣe fún wọn? Mo ti bá a wí. Mo ní bóyá ó gbó wọn lẹ́nu ni.’ Ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mo wá mọ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sẹ́yìn ni wọ́n ti ń fi ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá kan ọmọ yìí nínú ilé rẹ̀, òun pàápàá sì ti ń gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ni. Nínú gbogbo ọjọ́ ayé mi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, n kò tíì tijú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a pàdé ní oṣù Èrèlé, oṣù tí alága ti bèèrè nípa rẹ̀, kò sọ pé ‘mo wí bẹ́ẹ̀’. Ó kàn mú àlàyé iṣẹ́ ìwádìí kan wá, èyí tí àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Grossman àti Rhodes, ṣe ní 2002. Wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ tí ó wà nínú irú ètò yìí. Àwọn tí olùtọ́sọ́nà wọn wà pẹ̀lú wọn fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n jèrè jù. Ṣùgbọ́n àwọn tí tiwọn fi sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn tilẹ̀ wálẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Èyí ni pé oore tí a kò ṣe parí lè di ìpalára.

Mo dìde, mo sọ ohun tí mo rí ní ilé ìkàwé àti lẹ́nu ọ̀nà ìyá náà. Mo ní òwe tí mo pa fún yín, n kò gbọ́ ọ yé kí n tó pa á. Mo dá àbá pé kí a kọ̀wé sí àwọn olówó: kí wọ́n jẹ́ kí a fi owó wọn di iye ọmọ tí apá wa ká mú, tàbí kí wọ́n gba ìyókù padà. Ní òfin, owó tí a fún wa fún ọmọ 80, a kò lè dá ara wa láṣẹ láti ná an lọ́nà mìíràn.

Àríyànjiyàn náà le. Ẹni tí ó kín mi lẹ́yìn ní àkọ́kọ́ ni ó dojú kọ mí báyìí. Ó ní, ‘Àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà nílẹ̀ tí wọ́n ń retí ńkọ́? Ṣé nítorí pé ojú ń tì ọ́ ni a ó ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn?’ Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, n kò sì ní ìdáhùn tí ó pé títí di òní. A dìbò, ó di 4 sí 3. Àwọn olówó dá wa lóhùn tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò fún wa ní owó ọdún kejì. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa méjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta dípò márùn-ún, a kò sì gba ọmọ tuntun kankan fún odidi ọdún kan. Bí mo bá rí òṣìṣẹ́ náà, ojú mi kì í lè gbé tirẹ̀.

A ṣe òfin tuntun mẹ́ta. Èkínní, a kò ní fi ọmọ lé olùtọ́sọ́nà lọ́wọ́ bí kò bá tíì ṣèlérí ọdún ẹ̀kọ́ méjì. Èkejì, bí ó bá di dandan kí ẹnì kan lọ, yóò jókòó pẹ̀lú ọmọ náà lójúkojú, yóò sọ ìdí rẹ̀ fún un, yóò sì dágbére. Ẹ̀kẹta, ohun àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ yóò máa kà, ṣáájú ìṣirò owó, ni iye Ọjọ́bọ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan rí ẹni tirẹ̀. Ìwé yẹn ni mo tọ́jú jù nínú gbogbo ìwé tí mo kọ ní Ìlú Ọba.

Ẹni tí a fún ọmọkùnrin náà ni ìyá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà. Kò mọ ìṣirò, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Fún Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin, ọmọ náà kò bá a sọ ju ‘bẹ́ẹ̀ ni’ àti ‘rárá’ lọ. Ìyá náà ń wá. Ó mú ìwé kékeré kan dání, ó ní kí ọmọ náà kọ́ òun ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ karùn-ún, olórí òṣìṣẹ́ wa sọ fún mi pé ọmọ náà bọ́ kóòtù rẹ̀.

Ní 2018, ó ṣe ìdánwò GCSE. Láti 2017 ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà 9 sí 1 dípò lẹ́tà nínú ìdánwò náà fún èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, 9 ni ó ga jù. Láti 2014 sì ni ọmọ tí kò bá yege dáadáa nínú méjèèjì ti ní láti máa kọ́ wọn lọ lẹ́yìn ọdún 16 rẹ̀. 4 ni wọ́n kà sí àyègè. Ọmọ náà gba 5 nínú ìṣirò, ó gba 4 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èsì náà kì í ṣe èyí tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ bí kírẹ́díìtì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ti lè tì ilẹ̀kùn tàbí ṣí i fún ọmọ ní ilé, ẹ ó mọ bí ìyá rẹ̀ ti jó tó. Nínú ìwé mi, nínú Ọjọ́bọ̀ ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí ó kẹ́yìn, ẹyọ kan péré ni ìyá àgbà náà kò wá, ó sì ti sọ fún ọmọ náà ṣáájú.

Mo ṣèlérí pé n óò padà sọ́dọ̀ Ṣólàńkẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá rántí rẹ̀, ohun tí ó dá sílẹ̀ ní 1925 ni mo máa ń rò. Nísinsin yìí, ohun tí mo ń rò ni ọdún tí ó fi wà níbẹ̀. Ó lè kọ́ òfin tán kí ó padà wá sílé wá ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò, kí ó sì kó owó jọ bí àwọn mìíràn. Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù sọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 1958. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti Áfíríkà dé nínú òtútù ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn mọ̀ pé ilé kan ń bẹ tí a kò ní ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ òun.

Ní 2020, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, mo fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè wọlé. Mo sọ fún wọn ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, mo sì dágbére fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé òfin tí mo bá wọn ṣe dè mí pẹ̀lú. Ìwé àwọn Ọjọ́bọ̀ ni mo fi lé akọ̀wé tuntun lọ́wọ́ kí n tó kó àwọn ìyókù fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìlérí kò wọ́n wa lẹ́nu. ‘Wá rí mi lẹ́yìn kíláàsì.’ ‘N óò bá ọ wo àròkọ rẹ lọ́la.’ A ń sọ ọ́ bí a ti ń kó ìwé wa jọ, a sì ń gbàgbé rẹ̀ kí a tó dé ẹnu géètì. Ọmọ kan lè ti fa àga kejì súnmọ́ ara rẹ̀. Ó sàn kí a ṣèlérí fún ọmọ kan kí a sì mú un ṣẹ, ju kí a ṣe é fún kíláàsì kan kí a sì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra ìdánwò, bí wọ́n bá bi yín ní ìtumọ̀ òwe àgbà àti ọmọ tuntun, ẹ má ṣe sáré lọ sí ibi orí tí ó wọ́, gẹ́gẹ́ bí èmi ti kọ́ àwọn ọmọ mi ní Ìbàdàn. Àwọn baba wa kò sọ níbẹ̀ pé àgbà ta ọjà, wọn kò sọ pé ó pọ̀, wọn kò sì sọ iye ọmọ tí ó tún orí wọn ṣe. Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ṣáájú nínú òwe náà, kí ẹ sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni ‘wà’.